Kíka Ẹsẹ̀ Àrùn: Ìtàn Ìṣirò Ohun Tí Ń Pọ̀ Tí Ó sì Ń Rìn

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí pa rédíò rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti gbé ní Àkókó nígbà ọyẹ́ yóò ti rí iná tí ń jó koríko gbígbẹ lórí àwọn òkè wa, ìbáà ṣe ní Ọ̀kà, ìbáà ṣe ní Ìkàrẹ́, ìbáà ṣe ní Òkè-Àgbè níhìn-ín. Iṣẹ́ méjì ni iná náà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èkínní, ó ń pọ̀ sí i níbi tí ó wà, nítorí pé koríko tí ó ń jó ni ó ń ran èyí tí kò tíì jó. Èkejì, ó ń rìn láti ibi tí ó wà lọ sí ibi tí kò sí. Bí ó bá pọ̀ láìrìn, ibi kan náà ni yóò jó tán sí, tí yóò sì kú. Bí ó bá rìn láìpọ̀, yóò tín-ínrín títí yóò fi pòórá, gẹ́gẹ́ bí èéfín ti í pòórá nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé ni ó ń di ohun tí ń gba òkè dé òkè.

Àjàkálẹ̀ àrùn rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní orúkọ gígùn fún irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ohun tí ń pọ̀ tí ó sì ń rìn ni a ó máa pè é. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: bí a bá mọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lónìí, ṣé a lè fi ìṣirò mọ ibi tí yóò wà lọ́la àti ní ọ̀túnla? Ta ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀? Kí sì ni ó ti ṣe fún wa?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1918, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè náà fún àwọn bàbá wa.

Ní àárín oṣù August ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sierra Leone. Àwọn tí ọ̀fìnkìn líle ń bá jà wà nínú rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àìsàn náà ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Freetown. Láti ibẹ̀ ó bá ọkọ̀ dé etíkun Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù September, ọkọ̀ tí ń jẹ́ Bida ti Gold Coast wọ Èkó, àrùn náà sì bá a wọlé.

Ojú irin ti wà ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ó ti so Èkó mọ́ Ìbàdàn láti ọdún 1901, ó sì ti gba Òkè Ọya kọjá dé Kánò kí ọdún 1912 tó parí. Àrùn náà wọ ọkọ̀ ojú irin bí èrò mìíràn ti í wọ̀ ọ́. Kí oṣù October tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti dé Òkè Ọya. Ó gba ojú odò, ó gba ojú ọ̀nà, ó sì bá àwọn oníṣòwò àti àwọn tí ń sá fún un dé àwọn ìlú tí ojú irin kò dé, bí irú ilẹ̀ Àkókó tiwa yìí. Àwọn onítàn ti fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nínú àwọn olùgbé tí kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 18 lọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìpọ́njú náà gan-an ni J. B. Sadare àti olùkọ́bìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, ti dá ẹgbẹ́ àdúrà tí a mọ̀ sí Òkúta Iyebíye sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú gbòǹgbò àwọn ìjọ Aládùúrà.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí mo kà wọ̀nyẹn. Láti ìgbà tí Mantua ti gúnlẹ̀ ní Freetown títí di ọjọ́ tí Bida wọ Èkó, ó tó oṣù kan. Láti Èkó títí dé àwọn ìlú inú lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ọjọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Oṣù kan kì í ṣe àkókò kékeré fún ẹni tí ó bá mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka ẹsẹ̀ àrùn náà. Àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọn kò mọ ìyára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀ rárá títí ó fi kan ilẹ̀kùn.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí yóò kọ́ ayé ní ìṣirò yìí ti tẹ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa ṣáájú àkókò náà. Orúkọ rẹ̀ ni Anderson McKendrick, dókítà láti Scotland. Ní ọdún 1901, ó bá Ronald Ross lọ sí Sierra Leone láti gbógun ti ibà. Ross yìí ni ó ti fi hàn ní ọdún 1897 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà, ó sì fẹ́ràn láti máa fi ìṣirò wo àrùn. McKendrick kọ́ àṣà náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Edinburgh lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ní Íńdíà, òun àti William Kermack jọ ṣiṣẹ́. Kermack fọ́jú ní ọdún 1924 nígbà tí ohun tí ó ń sè nínú yàrá àyẹ̀wò bú gbàù, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orí ni ó fi ń ṣírò. Ní ọdún 1927, àwọn méjèèjì tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé bí àjàkálẹ̀ àrùn ti í gòkè tí ó sì í rọlẹ̀. Wọ́n fi hàn pé àrùn kò ní láti mú gbogbo ènìyàn tán kí ó tó dúró. Bí iye àwọn tí kò tíì mú bá ti dín kù dé ìwọ̀n kan, kò ní rí ẹni tí yóò ràn mọ́, yóò sì kú fúnra rẹ̀.

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn: pípọ̀. Rírìn ni ó kù. Ní ọdún 1937, Ronald Fisher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so méjèèjì pọ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn mẹ́ta kan ní Moscow, Kolmogorov, Petrovsky àti Piskunov, ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ohun tí wọ́n rí ya ni lẹ́nu. Ohun tí ń pọ̀ tí ó sì ń rìn kì í lọ ní ìdàrúdàpọ̀. Bí ilẹ̀ bá rí bákan náà níwájú rẹ̀, yóò máa lọ bí ìgbì omi, ní ìyára kan tí kì í yẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́. Ìyára náà kò sì tẹ̀ lé pípọ̀ ní tààrà. Bí àrùn kan bá ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin òmíràn, ìyára ìrìn rẹ̀ kì í ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọ̀nyí rí ìdáhùn nítorí pé wọ́n ro ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí kò lópin, tí kò ní òkè tàbí odò. Bí a bá fi òkè, odò àti ọjà kún un, pẹ́ńsù kò lè rí ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù: kí a gé ilẹ̀ sí ìwọ̀n kéékèèké, kí a gé àkókò sí ìwọ̀n kéékèèké, kí a sì máa ṣírò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀nà yìí ni ìtàn wa dá lé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ gbé ọpọ́n ayò wá. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ ní ihò 6. Ẹ jẹ́ kí ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún ìlú kan lẹ́bàá ọ̀nà, kí ọmọ ayò sì dúró fún àwọn tí àrùn ń bá jà. Ọmọ ayò 48 kò ní tó fún wa, nítorí náà ẹ wá hóró àgbàdo kún un, tàbí kí ẹ kọ iye náà sínú ìwé. Òfin mẹ́ta ni a ó fi ṣeré. Èkínní ni pípín: ihò kọ̀ọ̀kan yóò wo iye tí ó ní ní òwúrọ̀, yóò fún aládùúgbò rẹ̀ ọ̀tún ní ìdámẹ́rin rẹ̀, yóò sì fún ti òsì ní ìdámẹ́rin. Ihò ìpẹ̀kun ní aládùúgbò kan ṣoṣo, òun nìkan ni yóò fún. Gbogbo wọn ni yóò pín lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni pípọ̀: lẹ́yìn pípín, iye tí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan yóò di ìlọ́po méjì. Ẹ̀kẹta ni ààlà: ihò kan kò gbọdọ̀ gbà ju 40 lọ, nítorí pé ìlú kò lè ní aláìsàn ju iye ènìyàn inú rẹ̀.

Ẹ fi 16 sínú ihò kìíní, kí àwọn yòókù ṣófo. Ní ọjọ́ kìíní, ó fún èkejì ní 4, ó ku 12. A wá sọ wọ́n di ìlọ́po méjì, ó di 24 àti 8. Ní ọjọ́ kejì, ihò tí ó ní 24 fún èkejì ní 6. Èyí tí ó ní 8 fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní 2, 2. Ó di 20, 10 àti 2. Ìlọ́po méjì wọn jẹ́ 40, 20 àti 4. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn pípín, ó di 35, 21, 7 àti 1. Ìlọ́po méjì 35 jẹ́ 70, ti 21 sì jẹ́ 42, ṣùgbọ́n ààlà wa ni 40. Nítorí náà ohun tí a ní ni 40, 40, 14 àti 2. Bí ẹ bá ṣe é dé ọjọ́ kẹrin, ẹ ó rí 40, 40, 35, 9 àti 1. Ní ọjọ́ karùn-ún, ihò mẹ́ta ti kún, ẹ̀kẹrin ní 27, ẹ̀karùn-ún ní 5 àti ààbọ̀, ẹ̀kẹfà sì ní ààbọ̀. Bí a kò bá lè gé hóró àgbàdo sí méjì, a lè gé e lórí ìwé.

Ẹ wá wo ibi tí iye náà ti já wá sí 20, èyí tí í ṣe ìdajì ohun tí ihò kan lè gbà. Ní ọjọ́ kejì, inú ihò kejì ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó bọ́ sí àárín èkejì àti ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, àárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ní ọjọ́ karùn-ún, àárín ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún. Ẹ rí i pé ó ń rìn ní ìyára kan, ohun tí ó dín díẹ̀ sí ihò kan lóòjọ́. Ìgbì tí Fisher àti àwọn ará Moscow sọ nìyẹn, lórí ọpọ́n ayò. Pípín, ìlọ́po àti ààlà nìkan ni a lò, ohun tí ọmọ kíláàsì kẹrin lè ṣe.

Ṣùgbọ́n pàkúté kan wà níbẹ̀. Ká ní ẹnìkan ní ìkánjú, tí ó sọ pé òun kò ní sùúrù láti ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pé òun yóò ka ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dípò ìdámẹ́rin kan, ó ní kí ihò kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdámẹ́rin mẹ́ta. Ihò kan wà láàárín tí ó ní 16. Yóò fún ọ̀tún ní 12, yóò fún òsì ní 12, ó di 24. Ó ní 16, ó fi 24 tọrẹ! Ó jẹ gbèsè 8. Ta ni ó ti rí ìlú tí aláìsàn inú rẹ̀ dín ní 8 sí òdo? Bí ẹ bá sì ń bá a lọ, gbèsè náà yóò máa pọ̀ sí i ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ìṣirò náà yóò fi di ìsọkúsọ. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìlọ́po tàbí àyọkúrò rẹ̀. Gígùn ìgbésẹ̀ ni ó ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ọdún 1928, àwọn mẹ́ta kan láti Jámánì, Courant, Friedrichs àti Lewy, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ayé. Wọ́n fi hàn pé gígùn ìgbésẹ̀ àkókò gbọdọ̀ bá fífẹ̀ ihò mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdáhùn kò ní sún mọ́ òtítọ́ láé. Ní èdè ayò tiwa, ohun tí ihò kan yóò fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ ju gbogbo ohun tí ó ní lọ. Bí a bá sì fẹ́ kí ihò túbọ̀ kéré kí a lè ríran dáadáa, ìgbésẹ̀ àkókò ní láti kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ihò bá di ìdajì, ìgbésẹ̀ yóò di ìdámẹ́rin. Iṣẹ́ wá pọ̀ gan-an.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó? Ẹ gbọ́ ti Lewis Fry Richardson, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fẹ́ fi irú ìgbésẹ̀ yìí mọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó ń wa ọkọ̀ àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó fi ọwọ́ ṣírò bí afẹ́fẹ́ ti rí fún wákàtí mẹ́fà péré ní ọjọ́ 20 oṣù May 1910. Ìdáhùn rẹ̀ jìnnà pátápátá sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ dára. Iye tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tò. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1922, ó ní bí a bá kó 64,000 ènìyàn jọ sínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń ṣírò pọ̀, bóyá wọn yóò lè bá ojú ọjọ́ gbogbo ayé dọ́gba nínú eré. Kọ̀ǹpútà ni ó pe àwọn ènìyàn náà. Orúkọ tí a ń pe ẹ̀rọ lónìí, orúkọ ènìyàn tí ń ṣírò fún owó oṣù ni nígbà náà.

Ọ̀nà àbáyọ kan wá ní ọdún 1947, láti ọwọ́ ọkùnrin kan, John Crank, àti obìnrin kan, Phyllis Nicolson. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn jẹ́ ti ooru tí ń rìn nínú ohun kan, tí ohun náà fúnra rẹ̀ tún ń mú ooru tuntun jáde bí ó ti ń yí padà. Ẹ rí i pé ìdílé iná orí òkè wa ni. Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: dípò kí ihò pín ohun tí ó ní lónìí nìkan, kí ó pín ìdajì ti òní àti ìdajì ti ọ̀la. Ẹ ó bi mí pé, a kò tíì mọ ti ọ̀la, báwo ni a ó ti pín in? Nítorí èyí ni a fi gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn gbogbo ihò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ti í wá iye ohun méjì tí a kò mọ̀ nínú ìṣirò ilé-ìwé gíga. Ó gba ìrònú jù, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ pọ̀: gbèsè kékeré kò lè máa gbèrú títí yóò fi gbé gbogbo iṣẹ́ mì. Ìgbésẹ̀ gígùn ṣì lè dín ìpéye rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di ìsọkúsọ. Títí di òní olónìí, àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣì ń lo ọ̀nà Crank àti Nicolson.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ̀rọ dé. Ní Manchester, Alan Turing bá àwọn tí ń lo ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní ayé ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1952 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí ń pọ̀ tí ó sì ń rìn, ṣùgbọ́n ara ohun alààyè ni ó gbé e lọ. Ó ní bí èròjà méjì bá wà nínú ara ọmọ inú oyún, tí ọ̀kan ń ru ara wọn sókè, tí èkejì ń dẹ́kun wọn, tí èyí tí ń dẹ́kun sì ń yára rìn ju èkejì lọ, wọn kò ní pò pọ̀ di ọ̀kan. Wọn yóò pín ara wọn sí àmì tótòtó àti ìlà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ẹkùn ti rí awọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣe ìwádìí rẹ̀ lára ẹja àti eku, wọ́n sì ti rí ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́sẹ̀ ní ibi púpọ̀.

Ẹ̀yin àgbà lè bi mí pé, olùkọ́, ṣé ìṣirò yìí ni yóò wá dá àrùn dúró? Rárá o. Ó sì ní ohun tí kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀. Ọpọ́n ayò wa gbà pé àrùn ń rìn láti ihò dé ihò tí ó kángun sí i. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ti iná, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbé káàkiri oko. Ní ọdún 1949, a rí àrùn àgbàdo kan ní Sierra Leone tí ń mú ewé rẹ̀ dà bí irin tí ó dógùn-ún. Ó la ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já, ó ba àgbàdo jẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, nígbà tí yóò sì fi di 1952 ó ti dé Kenya. Ṣùgbọ́n àrùn ọdún 1918 wọ ọkọ̀ ojú irin, ó fo ihò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀nà, kí ó mọ ọjọ́ ọjà, kí ó mọ ìlú tí àwọn oníṣòwò ń ná. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ni ó wà. Àti bí ti Richardson, bí iye àkọ́kọ́ bá jẹ́ irọ́, gbogbo iye tí ó tẹ̀ lé e yóò jẹ́ irọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa nígbà tí ẹnìkan fi ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́. Ní oṣù December 1966, dókítà Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà ní agbègbè Ogoja ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà láti gbógun ti ilé gbígbóná, àrùn Ṣànpọ̀nná. Òfin iṣẹ́ nígbà náà ni kí a gún gbogbo ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Ó wá lo rédíò tí àwọn ajíhìnrere fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́: ó ní kí kálukú rán ènìyàn sí abúlé gbogbo ní agbègbè rẹ̀, kí wọ́n wò bóyá àrùn náà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́. Nígbà tí iye náà pé, ó gún àwọn tí ó wà ní abúlé tí àrùn wà. Lẹ́yìn èyí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí mo bá jẹ́ àrùn yìí, ibo ni ìbá kàn mí láti lọ? Ó wo ọjà àti ìbátan, ó sì gún àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú kí àrùn tó dé. Ó gé koríko níwájú iná. Àrùn náà dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará agbègbè náà kò tíì gba abẹ́rẹ́. Ọ̀nà yìí ni a wá mú lò ní ibòmíràn. Ní oṣù May 1970 ni a rí ilé gbígbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà àti ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nígbà tí ó sì di ọdún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti parí lórí ilẹ̀ ayé.

Foege kò gbé kọ̀ǹpútà dé Ogoja. Ohun tí ó ní ni iye tí ó jẹ́ òtítọ́ àti òye ohun tí ń pọ̀ tí ó sì ń rìn.

Àwọn ọmọ wa náà ti kópa nínú irú ìmọ̀ yìí. Chike Obi, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, gbà á ní Cambridge ní ọdún 1950. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn ìṣirò ìyípadà tí kì í lọ ní ìlà títọ́, ìbátan èyí tí a ń sọ lónìí. Adégòkè Olúbùmmọ́, ọmọ Òrìn-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa, gba tirẹ̀ ní ọdún 1955. Àwọn méjèèjì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lónìí, ọmọ Òkè-Àgbè tí ó bá fẹ́ kọ́ irú ìṣirò yìí kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé láti ọdún 1999 ni yunifásítì ti wà ní Àkùngbá, láàárín Àkókó wa níhìn-ín.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 27 oṣù February 2020 ni a fi ìdí ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà mú ní Nàìjíríà múlẹ̀. Kí oṣù kan tó lé díẹ̀, a ti ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Lẹ́nu ọjọ́ wọ̀nyẹn, irú ọpọ́n ayò yìí, tí ó fẹ̀ ju tiwa lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ni àwọn ìjọba káàkiri ayé ń wò kí wọ́n tó pàṣẹ. Ibà Lassa, tí eku ń gbé, ti mú ènìyàn lọ ní Ọ̀wọ̀ àti ní ilẹ̀ Àkókó pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ó wà nílé, iṣẹ́ tiyín kéré ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀. Bí àìsàn tí kò ṣe é mọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò, ẹ má ṣe bò ó mọ́ra nítorí ìtìjú. Ẹ lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ náà gan-an: iye ènìyàn tí ó mú, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ibi tí aláìsàn ti ń bọ̀. Ẹni tí ó fi aláìsàn kan pamọ́ lónìí ti yọ hóró kan kúrò nínú ihò, ẹni tí ń ṣírò ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Àbújá yóò sì rò pé ihò náà ṣófo.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé ọpọ́n ayò yín padà lálẹ́ òní. Ẹ ṣe é dé ọjọ́ kẹfà, kí ẹ wo bóyá ìgbì náà ṣì ń lọ ní ìyára kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ihò kẹta di ìlú tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́, tí hóró kankan kò lè dúró nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ihò kẹrin, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà. Ìdáhùn rẹ̀ yóò yé yín ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ.